Ẹ má tíì dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù bàbá padà

Ìbéèrè: "Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni bàbá àgbà wa papò dà. Télọ̀ ni wọ́n. Ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi wà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Òkè Pópó, Lagos Island. Èmi ni ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé tí a fẹ́ pín níbi fìdáù ogójì ọjọ́. Ohun tí mò ń kọ kò yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni: olóòótọ́, aláàánú, ẹni tó fẹ́ràn ọmọ. Kò sí ẹni tó mọ ọdún tí wọ́n bí wọn gan-an, onílé ṣọ́ọ̀bù sì ti ń béèrè kọ́kọ́rọ́. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó sì yẹ kí n kọ ọ́ pé ìgbà kan wà tí ṣọ́ọ̀bù náà fẹ́ẹ̀ kógbá sílé?" (Ọmọọmọ kan ní Sùúrùlérè)

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ bàbá, kó sì dá ẹ̀yin ọmọ sí.

Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ bẹ onílé kó fún yín ní oṣù kan sí i. Tó bá ní àfi kẹ́ ẹ san owó oṣù náà, ẹ dá a jọ láàárín ẹbí, kẹ́ ẹ san án. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń ṣe lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ ni pé wọ́n á lọ gbá ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ta máṣíìnì fún ẹni tó bá kọ́kọ́ náwó, wọ́n á sì kó ìwé tó ti pọ́n dànù. Tó bá wá di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ ìtàn, ìwà rere nìkan ló kù lọ́wọ́ wọn láti kọ. Ohun tó jẹ́ kí ìwé tiyín náà dà bíi ti gbogbo ayé nìyẹn. Ẹni tó lo àádọ́ta ọdún nídìí máṣíìnì, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni ìwà rẹ̀ ti hàn, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kẹ́ ẹ ti lọ wá a.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ má sì gbálẹ̀. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ya fọ́tò inú ṣọ́ọ̀bù láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ tó wá sún mọ́ orí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, ìdí máṣíìnì, inú dúrọ́ọ̀, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Kàlẹ́ńdà ara ògiri, ìwé ìpè ayẹyẹ tí wọ́n fi há ẹ̀gbẹ́ dígí, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára pákó, gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ yà. Tẹ́ ẹ bá ti gbé nǹkan kúrò ní àyè rẹ̀, kò sí ẹni tó máa rántí mọ́ pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni àlùmọ́gàjí máa ń wà, tàbí pé ojú títì ni máṣíìnì kọ sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ìwé ìwọ̀n. Ìwé gbọọrọ ẹlẹ́yìn líle ló sábà máa ń jẹ́, ó lè wà lábẹ́ tábìlì tàbí nínú àpótí pẹ̀lú àwọn tó ti kún. Ìlà kan nínú rẹ̀ lè rí báyìí: orúkọ oníbàárà, kó wá kan "L 34, Sh 19, Sl 24, Nk 16½, Tr 42, W 36", kó tó wá kan "10 yds gínì, dep 10/-, bal 7/6". L ni gígùn bùbá, Sh ni èjìká, Sl ni gígùn ọwọ́ aṣọ, Nk ni ọrùn, Tr ni gígùn ṣòkòtò, W ni ìbàdí, íǹṣì sì ni gbogbo wọn. Yáàdì mẹ́wàá yẹn ti tó agbádá, bùbá àti ṣòkòtò. "Dep" ni owó tí oníbàárà kọ́kọ́ fi sílẹ̀, "bal" ni èyí tó kù tó máa san. Ṣùgbọ́n télọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ẹ má dá a tú fúnra yín, ẹ gbé e lọ bá ọmọṣẹ́ wọn àtijọ́ kan, kó kà á sókè kẹ́ ẹ máa kọ ọ́. Bó ṣe ń kà á náà lá máa rántí àwọn tó ni aṣọ.

Owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìgbà. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti rí irú 7/6 yẹn, tó jẹ́ ṣílè méje àti sísì kan, owó àtijọ́ ni, ó ti ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 tí náírà dé. Ọjọ́ yẹn ni pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í ni pé àwọn àgbà ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí náírà dé. Nítorí náà, tí ìyá àgbà bá ní ṣílè márùn-ún ni bàbá fi ń rán ṣòkòtò, ìyẹn nìkan kò fi hàn pé ó ti ṣáájú 1973. Ohun tí wọ́n fọwọ́ kọ sínú ìwé ni kẹ́ ẹ fi dá ọdún mọ̀.

Ọ̀pọ̀ ojú ewé kì í ní ọdún lórí, ọjọ́ àti oṣù nìkan ni. Iléyá á gbà yín níbẹ̀. Ọdọọdún ló máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ti èṣí, iṣẹ́ sì máa ń pọ̀ gan-an lọ́wọ́ télọ̀ Èkó nígbà Iléyá. Ẹ wo oṣù tí orúkọ pọ̀ jù lórí ojú ewé. Lọ́dún 1977, nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ni Iléyá bọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá rí ìwé tí iṣẹ́ kúnnú rẹ̀ láti oṣù kẹwàá títí wọ àárín oṣù kọkànlá, tó wá dá wáí lẹ́yìn ìyẹn, ọdún náà tàbí èyí tó sún mọ́ ọn ni. Lóòótọ́, Iléyá tún padà sí oṣù kọkànlá láti 2009 sí 2011, ṣùgbọ́n iye owó ìránṣọ tó wà níbẹ̀ kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Kẹ́ ẹ tó pa ìwé náà dé, ẹ wá orúkọ àwọn ọmọ bàbá nínú rẹ̀. Télọ̀ tó ń rán aṣọ ọdún fún àwọn ọmọ tirẹ̀ máa ń wọn àwọn náà. Ẹ lè rí orúkọ òbí yín níbẹ̀ láti Iléyá kan dé òmíràn: ṣòkòtò íǹṣì 22, èyí tó tẹ̀ lé e 24, èyí tó tún tẹ̀ lé e 27, ní ọdún tí ọmọ ṣàdédé ga. Ẹ ya ojú ewé yẹn, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé fìdáù bó ṣe wà, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá. Nínú gbogbo fọ́tò tó máa wà níbẹ̀, mi ò rò pé ọ̀kan á wọ àwọn ọmọ lọ́kàn tó o.

Máṣíìnì náà lọ́rọ̀ sọ. Tó bá jẹ́ Singer dúdú onírin, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n lù mọ́ orí pèpele rẹ̀ lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀ òpó. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà méjì, tí èkíní jẹ́ E, ilé iṣẹ́ wọn ní Clydebank ní Scotland ló ti wá, ilé iṣẹ́ tí wọ́n tì pa ní 1980. Àkójọ nọ́ńbà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa sọ ọdún tí wọ́n ṣe tiyín. Ọdún tí wọ́n ṣe é nìyẹn o, kì í ṣe ọdún tí bàbá rà á, torí àlòkù ni ọ̀pọ̀ télọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó lè sọ fún yín kò ju pé bàbá kò lè ti ní i ṣáájú ọdún yẹn. Aṣọ gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi nu eruku ara rẹ̀. Ọtí tàbí pẹtiróòlù á bó òdòdó aláwọ̀ wúrà tó wà lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tẹ́ ẹ ò béèrè, tí mi ò sì lè fò. Aṣọ oníbàárà á ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn: èyí tí wọ́n ti rán tí olówó kò tíì wá gbà, èyí tí wọ́n ti gé tí wọn ò tíì rán, yáàdì tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn. Kò sí èyí tó jẹ́ ogún nínú wọn. Amánà ni, gbèsè òkú sì gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pín ogún. Ẹ so pépà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ orúkọ, iye yáàdì àti owó tí oníbàárà ti san sí i bó ṣe wà nínú ìwé ìwọ̀n. Èyí tí wọn ò tíì rán, ẹ dá aṣọ àti owó padà, tàbí kẹ́ ẹ fún ọmọṣẹ́ kan kó parí rẹ̀ tí olówó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ìlẹ̀kùn pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹnì kan nínú ẹbí. Ẹ ní ìwé àti bírò nítòsí pẹ̀lú, torí àwọn tó bá wá gbaṣọ ni ẹlẹ́rìí tẹ́ ẹ̀ bá máa wá kiri Èkó. Ẹ fún wọn ní àga. Ẹ bi wọ́n pé ọdún wo ni wọ́n kọ́kọ́ gbé aṣọ wá, ta ló mú wọn wá, kí sì ni wọ́n fi dúró síbẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú ìwé, èyí tó bá tutù, ẹ má sá a sóòrùn. Oòrùn á pa íǹkì rẹ̀, pépà á sì gan. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lábẹ́ òjìji ni kẹ́ ẹ ṣí i sí, kẹ́ ẹ fi pépà funfun sáàárín àwọn ojú ewé, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń fa omi. Ẹ má lámínéètì nǹkan kan, kò ṣeé tú mọ́ láéláé. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á pọ́n, á sì jẹ pépà náà. Fọ́tò tó ti lẹ̀ mọ́ dígí férémù, ẹ má ṣí i o. Ojú èèyàn tó wà níbẹ̀ ló máa kù sára dígí. Ẹ gbé férémù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ pa fúláàṣì fóònù, kẹ́ ẹ yà á bó ṣe wà, kí ìmọ́lẹ̀ máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Lẹ́yìn náà, kí ohun gbogbo kúrò nílẹ̀ àti lára ògiri. Ikán Èkó kì í sùn.

Ní báyìí, ó kan àwọn èèyàn. Ẹ má ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ga jù nínú ẹbí bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ kò le tó mọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, ìyókù á dúró dè yín. Yàtọ̀ sí ìyàwó àti àwọn ọmọ, àwọn tó mọ oníṣòwò dénú ni ọmọṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́, ẹni tó ń ta gínì àti léèsì fún wọn ní Balógun, alájọ tó ń gba owó wọn, ìyá olóúnjẹ ojú títì, àti àwọn tí wọ́n jọ ń kírun. Ẹ jẹ́ kí àgbà kan nínú ẹbí kọ́kọ́ bá yín sọ ọ́ fún wọn, kẹ́ ẹ tó fẹsẹ̀ ara yín lọ. Ohun tí àgbà máa sọ fún yín lórí fóònù kò lè ju àdúrà lọ.

Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yí i sí ibi tí ìpè kò ti ní lè wọlé, ẹ pa fáànù, ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ sì gbé fóònù síwájú wọn ní ìwọ̀n apá kan. Kí ohùn yín kọ́kọ́ sọ ọjọ́, orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ibi tẹ́ ẹ wà. Ìṣẹ́jú márùnlélógójì ti tó fún àgbà lẹ́ẹ̀kan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ dà á sí ibi méjì, torí fóònù Èkó lè dàwátì nínú dáńfó lọ́la.

Ìbéèrè ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Tẹ́ ẹ bá bèèrè pé "irú èèyàn wo ni bàbá?", wọ́n á ní èèyàn dáadáa ni, Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ béèrè ohun tí ojú rí. Aago mélòó ni wọ́n máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù? Ta ló ń dáná sí áyọ́ọ̀nù eléèdú láàárọ̀? Aṣọ wo ni wọn kì í gbà láti rán? Tí ọmọṣẹ́ bá gé aṣọ oníbàárà sódì, kí ni wọ́n máa ń ṣe? Yáàdì tó bá ṣẹ́kù ńkọ́? Kí ni wọ́n fún yín lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù yín? Nínú gbogbo rẹ̀, tẹ́ ẹ bá máa béèrè ẹyọ kan ṣoṣo, ti aṣọ tí wọ́n gé sódì yẹn ni kẹ́ ẹ mú. Ibẹ̀ ni owó, ìbínú, àánú àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù ti pàdé, kò sì sí ọmọṣẹ́ tó gbàgbé ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ sí òun. Bí ẹnì kan bá ní aláàánú ni bàbá, ẹ rọra ní kó fún yín ní ẹyọ ọjọ́ kan tó rí i. Tó bá dákẹ́, ẹ̀yin náà ẹ dákẹ́. Ó ń wá a nínú ọpọlọ ni.

Ọdún ìbí ṣeé rí bá a ṣe ń rí ọdún inú ìwé ìwọ̀n: ẹ wá ohun tí gbogbo èèyàn rántí, kẹ́ ẹ bi wọ́n bí bàbá ṣe tó nígbà náà. Ṣé wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1956? Ṣé wọ́n ti gba fírídọ́ọ̀mù nígbà òmìnira 1960? Ọmọ mélòó ló wà nílẹ̀ nígbà ogun Bìáfírà, 1967 sí 1970? Ibo ni ṣọ́ọ̀bù wà lọ́jọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 tí ọkọ̀ yí láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún? Ta ni ọmọṣẹ́ nígbà FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1977? Ká ní ẹni méjì tí kò jọ sọ̀rọ̀ gbà pé bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkọ́ nígbà tí ọbabìnrin wá, tí ọmọ iṣẹ́ sì sábà máa ń tó ọdún mẹ́rìnlá sí méjìdínlógún, àárín 1938 sí 1942 ni wọ́n bí wọn. Ẹ kọ "ní nǹkan bí 1940". Kò sí ìtìjú nínú "nǹkan bí". Ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ìwé ìrìnnà Hájì, ìṣirò ẹnì kan ni òun náà, ẹ fi wé ìyókù kẹ́ ẹ tó gbà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Sùúrùlérè, ẹ béèrè bí ẹbí ṣe dé ibẹ̀. Láti 1955 ni ìjọba ti ń wó ilé láàárín Lagos Island, tí wọ́n sì ń kó àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí ilé tí wọ́n kọ́ sí Sùúrùlérè. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kúrò nílé, ìwé ìgbà yẹn lè ṣì wà nínú àpótí ẹnì kan pẹ̀lú ọjọ́ lórí. Á sì tún dáhùn ìbéèrè kan tó tóbi: kí ló dé tí bàbá fi ń ti Sùúrùlérè padà lọ sí Island lójoojúmọ́ láti lọ ránṣọ? Oníbàárà télọ̀ kì í bá ilé tí wọ́n wó lọ. Ibi tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n ni wọ́n á máa wá a sí.

Ní ti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù fẹ́ẹ̀ kógbá sílé, ó yẹ kẹ́ ẹ kọ ọ́. Ẹni tó bá ka ìwé tí ohun gbogbo ti dùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò ní mọ ohun tó ná bàbá láti tọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ bá ìyá àgbà àti dáódù sọ̀rọ̀, kó má bàa jẹ́ pé ojú àwùjọ ni wọ́n á ti kà á. Ohun tí bàbá ṣe ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má dárúkọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó tàbí ẹni tí wọ́n jẹ. Ẹ sì sọ ohun tó fà á. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn 1986 tí SAP, ètò ìjọba láti tún ọrọ̀ ajé tò, dé ni, náírà ti já, òwú, sípù, bọ́tìnnì àti sítéè (aṣọ líle inú kọ́là) tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí, bẹ́ẹ̀ ni òkìrìkà wà lọ́jà tí owó rẹ̀ kò tó owó ìránṣọ lásán. Ìwé ìwọ̀n á fi í hàn yín: "bal" á pọ̀, àwọn orúkọ á dín kù, aṣọ ilé ìwé á gba ipò agbádá. Ẹ wá kọ ohun tí wọ́n ṣe tí ṣọ́ọ̀bù fi ṣí padà, bóyá àjọ ni wọ́n kó, bóyá wọ́n ta máṣíìnì kan láti tọ́jú èkejì, bóyá ìyá àgbà ló fi owó ọjà tirẹ̀ gbé wọn dúró. Tó bá jẹ́ ti ìkẹyìn yìí, kí orúkọ ìyá wà níbẹ̀ kedere.

Tẹ́ ẹ bá jókòó láti kọ ọ́, ẹgbẹ̀rún kan ọ̀rọ̀ ti tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù, kí ọdún ìbí, ilé ìwé àti Hájì tẹ̀ lé e. Dípò "olóòótọ́ ni wọ́n", tí àwọn ẹlẹ́rìí bá jẹ́rìí sí i, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Yáàdì tó bá ṣẹ́kù, wọ́n á ká a sáàárín agbádá tí wọ́n ti lọ̀, wọ́n á sì ṣí i han oníbàárà kó tó sanwó." Ẹ to orúkọ àwọn ọmọṣẹ́ bí wọ́n ṣe gba fírídọ́ọ̀mù tẹ̀ léra, pẹ̀lú ibi tí ṣọ́ọ̀bù kálukú wà báyìí, Mushin ni o, Ìkòròdú ni o, Àgége ni o.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú fìdáù ni kí iṣẹ́ ti wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé, ì báà jẹ́ Ṣómólú tàbí Mushin. Ojú ewé ìwé tí wọ́n máa fi pín-ìn gún láàárín gbọ́dọ̀ ṣeé fi mẹ́rin pín: 12, 16, 20. Tẹ́ ẹ bá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bíi fáìlì ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, torí tó bá lọ bíi fọ́tò, kò ní hàn kedere mọ́. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe ètò ojú ewé, lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ sábà máa ń di àpótí kékeré tàbí kí àmì wọn bọ́. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan jáde lórí pépà kẹ́ ẹ tó sanwó tán, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀, kí dáódù sì fọwọ́ sí bí wọ́n ṣe to àwọn ìyàwó àti ọmọ. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ tẹ ogún ẹ̀dà lé iye tí ẹbí dá, fún àwọn ọmọṣẹ́ àti àwọn tó wá gbaṣọ. Ìwé ìwọ̀n fúnra rẹ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí gbà á sọ́wọ́ níwájú ìyókù, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀.